Àwọn Tó Fi Ẹní Gba Àyè

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, ni mo wà lọ́jọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025 nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ti na New Zealand nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé àṣìkọ ni. Mo wá a fúnra mi, ó sì wà níbẹ̀: Nàìjíríà 65, New Zealand 63. Ìdíje Ife Àgbáyé àwọn obìnrin tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 19 ni, nílùú Kuching ní Màléṣíà. Omi ti mu pápá, wọ́n sì gé eré náà kù sí ovà 13 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ovà kan. Lucky Piety ni balógun wọn. Lillian Udeh ló ju ovà tó kẹ́yìn. Rọ́ọ̀nù méjì péré, ìyẹn àmì ayò méjì, ni wọ́n fi borí, ṣùgbọ́n mo pariwo débi pé ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mi ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bi mí pé ta ló kú.

Mi ò gba ọ̀nà ilé. Lafẹ́nwá ni mo forí lé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Lafẹ́nwá. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 84 nígbà náà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ etí wọn ṣì ń gbọ́, ọkàn wọn sì pé pérépéré. Mo bá wọn lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, àwọn ọmọ wa na New Zealand lónìí.” Wọ́n bi mí bóyá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni. Mo ní rárá o, kíríkẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún un dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí mi ò rò tì rárá.

“Àwọn ará Sàró ńkọ́? Ṣé wọ́n bá wọn lọ? Àwọn ará Gánà ńkọ́?”

Mo ṣàlàyé pé Nàìjíríà nìkan ló lọ lórúkọ ara rẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí kálukú ti ń dá lọ. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, “Ó dáa náà. Wọ́n ti dàgbà nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ìgbà kan wà tí kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń jẹ́ Nàìjíríà lójú àwọn tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n mọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn: Gáńbíà, Gánà, Nàìjíríà àti Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù Kìíní yẹn ni kò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà rí. Kò gba ife kankan, kò sí ère tí a mọ fún un níbì kankan. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ọ̀nà tí àwọn ọmọbìnrin yẹn ìbá gbà dé Kuching láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ wà.

Bàbá kò lọ kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kankan. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e pàdé wọn. Ọdún 1962 ni wọ́n gbà wọ́n sí iṣẹ́ akọ̀wé ní Èbúté Mẹ́tta, ọmọ ọdún 21, àwọn ọ̀gá tí wọ́n bá níbẹ̀ ló sì ń gbá a nírọ̀lẹ́ Sátidé. Wọ́n ní nǹkan tó kọ́kọ́ wu àwọn ni aṣọ funfun báláú tí wọ́n ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé eré tó ń fẹ́ sùúrù ni, ẹni tí kò bá lè dúró kò lè gbá a. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn wá sí ibùdókọ̀ rélùwéè Lafẹ́nwá, báàtì kan ni wọ́n gbé wálé láti Èkó, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n máa ń kọ iye rọ́ọ̀nù sí. Báàtì yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn títí di òní. Ikán kò tíì rí i gbé mì.

Ọdún 1986 ni mo wọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú Abẹ́òkúta níbí. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní báàtì méjì, bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n fi awọ ṣe, àti ẹní. Ẹní yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣọ̀n á rò pé orí koríko tí wọ́n gé bí irun orí ni wọ́n ti ń gbá a níbi gbogbo. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí ẹní la ti kọ́ ọ. Oòrùn wa àti òjò wa kì í jẹ́ kí irú koríko yẹn dúró láìsí owó rẹpẹtẹ. Fọ́nrán èèpo àgbọn ni wọ́n fi hun ẹní tiwa, ó nípọn, ó wúwo bí òkú ẹṣin. Àárín igi mẹ́ta ti ọ̀hún àti igi mẹ́ta ti ìhín jẹ́ yáàdì 22, bíi mítà 20, ẹní náà sì gbọ́dọ̀ bo gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù lè balẹ̀ sí láàárín wọn. Ọmọ mẹ́fà ló ń gbé e jáde lórí èjìká. A ó tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì, a ó fà á títí yóò fi nà tàn-ìn, a ó wá fi ìṣó gígùn kàn án mọ́ ilẹ̀ létí. Bí ibì kan bá ká sókè bí ìka ọwọ́ péré, bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta tó bá balẹ̀ síbẹ̀ lè fò síni lójú. Mo ní àpá kan ní ìsàlẹ̀ ojú òsì mi tí mo gbà níbẹ̀.

Bàbá máa ń wá sí pápá wa ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn. Wọn kì í kọ́kọ́ wo bí a ṣe di báàtì mú. Wọ́n á rìn gba orí ẹní náà kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tó wú. “Ṣé ó ti jókòó?” Ìyẹn ni ìbéèrè wọn. Bí ẹní kò bá tíì jókòó, a kò ní gbá nǹkan kan lọ́jọ́ náà títí yóò fi jókòó. Inú máa ń bí wa. A ti wà lórí ìkánjú láti gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, àgbàlagbà kan wá ní ká tún ẹní tẹ́ nígbà kẹta.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: àwọn mọ́kànlá máa ń dúró kiri pápá, ọ̀kan nínú wọn á máa ju bọ́ọ̀lù, àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ kejì á mú báàtì. Ẹni tó ń jù ú ń wá bí yóò ṣe fi bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó mú báàtì, kí ó lè kó o jáde nínú eré. Ẹni tó mú báàtì ń gbá a lọ jìnnà kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lè sáré pààrọ̀ àyè, ìsáré kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ rọ́ọ̀nù kan. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló ń jẹ́ ovà kan. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní T20, ovà 20 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn bọ́ọ̀lù 120. Ìyókù, ojú ló ń kọ́ ọ.

Nínú ìwé tí Bàbá ń kọ rọ́ọ̀nù sí, ojú ewé kìíní kò ní rọ́ọ̀nù kankan. Ọdún 1904 ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Èkó àti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, kọ́kọ́ pàdé. Ẹ jẹ́ ká ro ó. Wọn kò tíì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ọdún 1914 nìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Abẹ́òkúta ṣì ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Lafẹ́nwá kọjá dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 ni. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Nàìjíríà, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Gánà, àmọ́ àwọn ọmọ etíkun méjèèjì ti ń bá ara wọn díje. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1926. Fún ìgbà pípẹ́, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti àwọn aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀, lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú òfin eré kan náà. Ó ku díẹ̀ ká gba òmìnira kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀.

Lágbàáyé ńkọ́? Àwọn mẹ́ta ló dá ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà sílẹ̀ lọ́dún 1909: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Austrálíà àti Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ ìjọba ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1965 ni wọ́n tó pa orúkọ náà dà, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún àwọn tí kò tó àwọn àgbà. Kẹ́ńyà, Uganda, Tanzania àti Zambia fi orúkọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà gba ẹnu rẹ̀ wọlé lọ́dún 1966, wọ́n sì wà níbi Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1975. Ọdún kejì sí ìyẹn, 1976, ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà wọlé.

Ọmọ Abẹ́òkúta kò yẹ kó ṣòro fún láti lóye irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìlú tiwa yìí gan-an, mẹ́rin ni. Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà wà, Àgùrá Gbágùrá wà, Olówu wà. Ogun ló lé àwọn baba wa wá sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, àwọn Òwu sì dé bá wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọba rẹ̀ tàbí orúkọ ibi tó ti wá. Wọ́n mọ odi kan yí gbogbo wọn ká, nígbà tí ọ̀tá sì dé, ìlú kan ṣoṣo ló bá. Nígbà tí Bàbá ṣàlàyé ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́rin ni wọ́n, odi kan ni wọ́n ní.

Mo ti wá rí i pé ibì kan wà tí àfiwé yẹn ti já. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Nàìjíríà kò bá Gánà pààlà. Togo àti Benin wà láàárín wọn. Gánà kò bá Sàró pààlà. Sàró kò bá Gáńbíà pààlà, Senegal ló sì yí Gáńbíà ká títí dé etí òkun. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí méjì tó fara kan ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò lọ láti Èkó sí Banjul láti lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì yóò la ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ Faransé kọjá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ohun tó ń jẹ́ igi mẹ́ta. Àwọn eléré kì í sábà rí ara wọn àfi tí ìdíje bá dé. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù láti Freetown àti ẹni tó ń mú un lẹ́yìn igi láti Èkó á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìṣe ara wọn nígbà tí ọ̀tá ti dúró sórí pápá. Odi tí kò ní ilẹ̀ nínú ni wọ́n fún wọn.

Síbẹ̀ wọ́n lọ. Wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, sí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì wọ ẹgbẹ́ àgbà, níbi tí òjò ti ba ọ̀pọ̀ eré jẹ́ tí Zimbabwe sì ti gba ife. Wọ́n lọ sí Kẹ́ńyà ní 1994. Wọ́n lọ sí Kuala Lumpur ní 1997, ọdún tí Bangladesh gbégbá orókè. Lọ́dún 2001 tó yẹ kí wọ́n lọ sí Kánádà, ọ̀ràn físà kò jẹ́ kí wọ́n kópa.

Bàbá ní àlá kan tí mo mọ̀ dáadáa, nítorí wọn kò yéé sọ ọ́. West Indies, ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ará Karibíà, ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Àwọn yẹn náà kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Erékùṣù àti ilẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n, oníkálukú pẹ̀lú àsíá rẹ̀, tí òkun sì wà láàárín wọn. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní etíkun tiwa níbí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n gba Ife Àgbáyé ti 1975 àti ti 1979. Nínú àṣekágbá ti 1975, Clive Lloyd balógun wọn gbá rọ́ọ̀nù 102 sí Austrálíà lórí, Bàbá sì lè sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn wà lórí ìjókòó ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé, “Bí àwọn tí wọ́n kó lọ bá lè para pọ̀, àwa tí a kù nílé ńkọ́?” Wọ́n gbà gbọ́ pé lọ́jọ́ kan, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò wọ pápá náà pẹ̀lú aṣọ funfun, ará Gáńbíà kan ní ọwọ́ kan, ọmọ Ẹ̀gbá kan ní ọwọ́ kejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n gba Nàìjíríà wọlé lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n gba Gánà, Sàró àti Gáńbíà ní ipò kan tó tún kéré sí ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní náà sì kógbá sílé. Wọn kò fi àwọn mẹ́ta yẹn sí ipò kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà títí di 2017, nígbà tí wọ́n pa ipò ìsàlẹ̀ náà rẹ́. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, inú mi sì dùn. Mo lọ bá Bàbá pé a ti dá dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìdílé tó pín ogún, ṣé ijó ni wọ́n ń jó?”

A bá ara wa jiyàn lọ́jọ́ náà. Èmi ní ẹgbẹ́ tí kò gba nǹkan kan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò já mọ́ nǹkan. Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mo wá gbà pé ó yẹ kí wọ́n wà pọ̀ títí ayé. Mo ṣì rò pé àtipínyà tọ́, nítorí ọmọ tó wà ní Freetown nílò ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ọn, tó lè bá a fọwọ́ sí ìwé, tó lè ra báàtì fún un. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo fi ife ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ sí Yídì láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀. Màmá mi á jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, á ká ẹní ìkírun mẹ́ta fún mi. Iṣẹ́ mi ni pé kí n sáré lọ tẹ́ wọn sí iwájú, kí n jókòó lé wọn, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà wọ́n. Àwọn àgbàlagbà á máa wá, wọ́n á máa wò mí, àwọn kan á ní kí n sún. Mi ò ní sún. Tó bá yá, bàbá mi àti Bàbá Lafẹ́nwá á dé pẹ̀lú agbádá wọn, èmi á dìde, màá lọ wá àyè lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni tó wo ìlà iwájú yẹn tó mọ̀ pé ọmọdé kan ló ti jókòó síbẹ̀ láti ìdájí.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe nìyẹn. Láti 1976, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní agbára tó lè mú kí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n fi orúkọ kan tẹ́ ẹní síbẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e. Wọ́n ń jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó jù wọ́n lọ, àwọn kan ń wò wọ́n bí ẹni tó yẹ kó sún. Wọn kò sún. Nígbà tí Nàìjíríà fi máa dé pẹ̀lú agbádá, àyè ti wà.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ lè rí i kà níbòmíràn, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nàìjíríà gòkè láti ìpele Keje nínú líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé ní Botswana lọ́dún 2011, ó jábọ́, ó padà sí Botswana kan náà lọ́dún 2013, ó tún gòkè. Oṣù Kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 19, tí Sylvester Okpe jẹ́ balógun wọn, borí ní Windhoek, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó lọ sí Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Kìíní 2020, Austrálíà kó gbogbo wọn jáde lórí rọ́ọ̀nù 61. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ń wo ọmọ ọdún méjìdínlógún tó dúró níwájú ará Austrálíà láìsá, mo sì ń rántí ẹní wa. Lọ́dún 2019 kan náà, nígbà tí wọ́n dá Zimbabwe dúró, Nàìjíríà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Àgbáyé T20 ní Dubai àti Abu Dhabi, Ademola Onikoyi ló sì kó wọn lọ.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú àwọn ìdíje ńlá yẹn. Oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni, ní Tafawa Balẹ́wà Square ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti gbé àsíá òmìnira sókè ní 1960. Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti Gáńbíà pàdé níbẹ̀ láti wá ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́lẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Kútò lọ wò wọ́n. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo aṣọ oríṣi mẹ́rin lórí pápá kan, mo sì ń rò ó pé ọmọ wọn ni àwọn wọ̀nyí, ọmọ àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan ní 1982. Nàìjíríà àti Gánà ló tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá, wọ́n ní kí n sọ bí àwọn ará Sàró ṣe gbá a. Mo sọ ọ́ kínníkínní.

Ọ̀rọ̀ Sàró yìí, ó ní ìdí láàárín àwa Ẹ̀gbá. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Freetown ti ń padà wálé. Àwọn ló gbé ìwé wálé, àwọn ló gbé ilé alájà wálé, orúkọ òyìnbó tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ́ ní Abẹ́òkúta títí di òní, ọ̀nà yẹn ló gbà wá. Fún Bàbá, ará Sàró kì í ṣe àjèjì tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ bí màá ṣe sọ fún wọn nígbà tí Peter Aho, ọmọ Nàìjíríà, ju bọ́ọ̀lù tó kó ènìyàn mẹ́fà jáde lórí rọ́ọ̀nù márùn-ún péré ní Èkó ní oṣù Kẹwàá 2021. Nínú T20 àgbáyé àwọn ọkùnrin, kò sí ẹni tó ti ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Sàró ló sì ṣe é sí. Mo sọ ọ́ ṣá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Inú ilé ló ti ṣẹlẹ̀. A kì í ti ìyẹn jáde.”

Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, mo wo ohun kan tó dùn mí. Côte d'Ivoire wá sí Èkó, ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe nìyẹn láyé. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n wọlé. Nàìjíríà gbá rọ́ọ̀nù 271 sí wọn lórí. Selim Salau nìkan gbá 112. Nígbà tó kan Côte d'Ivoire, rọ́ọ̀nù méje ni gbogbo wọn rí. Méje. Kò sí ẹgbẹ́ ọkùnrin kan tó rí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú T20 àgbáyé. Gbogbo ayé ló fi wọ́n rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo ọmọkùnrin tó kẹ́yìn tó ń rìn kúrò lórí pápá pẹ̀lú báàtì lábẹ́ abíyá, mo rí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Yídì. Àwọn náà ń gba àyè fún àwọn kan tí wọn kò tíì bí. Bí Côte d'Ivoire bá sì dúró, ilẹ̀ tó wà láàárín Gánà àti Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún nìyẹn.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ mi kò sí mọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìdajì rẹ̀ lẹ́bàá títì. Sìmẹ́ǹtì tí a ń tẹ́ ẹní sí ti fọ́, koríko ti gba inú rẹ̀ hù jáde. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin, mo ń fi ẹsẹ̀ wọn yáàdì 22 fún un, ìpìlẹ̀ ilé ìtajà ló dá mi dúró ní yáàdì 14. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ta pápá rẹ̀ ti ta ohun tí kò ní rí rà padà.

Àmọ́ eré náà kò kú níbí. Ní oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí wọ́n ń kun pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútò ní ọ̀dà nítorí ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ tó ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún, ọmọ mi sọ fún mi pé tíṣà kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Sátidé, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Àsèrò. Mo lọ wò ó. Ọmọbìnrin ni tíṣà náà, kò lè ju ọdún 26 lọ. Ó ní ọmọ bíi mọ́kànlélógún, báàtì ike ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú, ó sì ní ẹní. Ti rọ́bà ni, àwọ̀ ewé, ó ti gbó létí. Owó oṣù rẹ̀ ló fi rà á.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi mọ́tò gbé Bàbá láti Lafẹ́nwá. A gbé àga wọn sí abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wọn. Tíṣà ní, “Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún wa pé ẹ ti gbá a rí.” Bàbá kò dáhùn ìyẹn. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí orí ẹní. Mo di apá wọn mú, a rìn ín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tó wú, bàtà wọn ti wà lábẹ́ àga. Àwọn ọmọ náà dákẹ́, wọ́n ń wò wọ́n. Bí a ṣe kọjá àárín díẹ̀, Bàbá dúró. Wọ́n fi ọ̀pá wọn kàn án níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà kò béèrè nǹkan kan. Ó pe ọmọ mẹ́fà, wọ́n yọ àwọn ìṣó etí kan, wọ́n fa ẹní náà, wọ́n tún un kàn. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ ẹ̀wù tó jù ú lọ sáré wá síwájú Bàbá.

“Bàbá, ṣé ó ti jókòó?”

Bàbá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. “Ó ku apá òsì,” wọ́n ní, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.